Jíìpù Tí A Fẹ́ Pín Bí Ẹran Ìgbẹ́

Àwọn tí mo kọ́ ní ilé ìwé máa ń rò pé ibi ìsinmi mi ní ọjọ́ Sátidé ni abẹ́ igi máńgòrò mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà Èsìẹ́, ní ìpẹ̀kun Òmù-Àrán. Ẹ jẹ́ kí n tún èrò yẹn ṣe díẹ̀. Kò sí ìsinmi níbẹ̀. Àwa tí a ní jíìpù la máa ń pàdé síbẹ̀, àárín wa kò sì dùn rí. Ohun tó kó wa jọ ni pé kò sí ẹlòmíràn nínú ìlú tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ sípíríìnì àti ṣáṣí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìsùn lọ.

Mẹ́rin ni wá. Èmi ni tíṣà. Ẹnì kejì ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ó lówó, Oníkòkó la sì ń pè é. Ẹnì kẹta jẹ́ àgbẹ̀ láti Ìsánlú-Ìsin, iṣu ló ń gbìn jù. Òun ni Oníṣu. Ẹnì kẹrin, tó dàgbà jù wá lọ, ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ó ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ bí a ṣe ń lo ajílẹ̀. Ọ̀gá Àgbẹ̀ ni orúkọ tirẹ̀ lẹ́nu wa.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, tí wọ́n ń la títì káàkiri, àwọn kan tó parí iṣẹ́ ọ̀nà ní agbègbè wa ta àwọn jíìpù wọn ní gbàǹjo kí wọ́n tó kó lọ. Ibẹ̀ ni àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ra tiwa. Ọkọ̀ tí ẹrẹ̀ kì í dá dúró ni, tí táyà iwájú àti tẹ̀yìn jọ ń fà. Láti ọjọ́ gbàǹjo náà ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí oníkálukú gbà pé òun ló mú èyí tó yè, òkú làwọn yòókù rà.

"Tíṣà, ọkọ̀ yín tún ti ń jo epo sílẹ̀," Oníkòkó á wí kí n tó pa ẹ́ńjìnnì. "Àbí ẹ fi ń sàmì sójú ọ̀nà ni, kí ẹ má bàa sọnù tẹ́ ẹ bá ń padà lọ sílé?"

"Ó sàn ju tiyín tó ń mu bẹntiróòlù bí aláìsàn tó ń mu ẹ̀kọ," Oníṣu á gbà á lẹ́nu rẹ̀.

"Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀, ìwọ tó fi okùn so ilẹ̀kùn?"

Ọ̀gá Àgbẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ṣẹ̀sín jù, nítorí pé ó ń rọra wa ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin. "Ọ̀gá, ìgbín kan kọjá níbí láìpẹ́," Oníkòkó á ní. "Ó ní ká kí yín, òun ti ṣáájú." Bàbá á rẹ́rìn-ín, á jókòó, á máa nu dígí ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìlú le. Ọjà òkèèrè kò wọlé mọ́, èèlò ọkọ̀ di ohun tí a ń lá lójú àlá. Nígbà náà ni a ṣe òfin kan lábẹ́ igi yẹn. Bí jíìpù ẹnikẹ́ni nínú wa bá kú, kò ní í tà á fún àwọn tó ń ra irin. A máa pín in bí ọdẹ ṣe ń pín ẹran ìgbẹ́, kálukú á mú ohun tí tirẹ̀ kò ní. Tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ pín. Ṣáṣí rẹ̀, egungun irin tó gbé gbogbo ọkọ̀ ró, ti jẹrà láti inú, ó sì kán sí méjì lójú ọ̀nà Èsìẹ́. Wọ́n jà lórí rẹ̀ níṣojú mi bí ẹni pé èmi kò sí níbẹ̀. Oníkòkó mú ẹsẹ̀ iwájú, Oníṣu mú àwọn sípíríìnì, Ọ̀gá Àgbẹ̀ mú gíábọ́ọ̀sì, àpótí irin tí gbogbo gíà wà nínú rẹ̀. Èmi kò yé lọ jókòó lábẹ́ máńgòrò. Oníkòkó sọ mí ní àlejò, mo sì ń dá a lóhùn pé àlejò ló ń rí àléébù ilé.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òjò àrọ̀kúrò pọ̀. Oko Oníṣu wà ní òdìkejì odò kan lẹ́yìn Ìsánlú-Ìsin. Lọ́rì kò lè sọdá odò náà, jíìpù nìkan ló lè ṣe é. Ó ti wa iṣu ọdún náà tán, ó kó o jọ sí bèbè odò, ó fi ewé bò ó. Ìgbà náà gan-an ni gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ sínú omi. Mẹkáníìkì tú u, ó kó àwọn eyín irin tó ti kán sínú abọ́ kan, ó gbé abọ́ náà síwájú Oníṣu. Kò sí òmíràn ní Ìlọrin, a wá a dé Ìbàdàn. Ohun tí ìdílé Oníṣu máa jẹ, ohun tí wọ́n máa tà, àti èyí tí wọ́n máa gbìn lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ wà ní bèbè odò níbi tí òjò ti ń pa á.

"Lọ ra kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́," Oníkòkó wí fún un. "Òun kì í ní gíábọ́ọ̀sì."

Oníṣu dìde, ó dì í lọ́rùn ẹ̀wù. Mẹkáníìkì àti èmi la là wọ́n.

Láàárín ìgbà náà ni Ọ̀gá Àgbẹ̀ kú. Àìsàn rẹ̀ kò pẹ́. Ìjọ rẹ̀ sin ín dáadáa, àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Èkó, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwa mẹ́ta lọ kí opó rẹ̀ nínú jíìpù Oníkòkó. Lójú ọ̀nà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ gíábọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n òun ló jókòó sáàárín wa.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá náà. Mo bá a lórí ẹní pẹ̀lú àwọn obìnrin ìjọ, nínú aṣọ dúdú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù, mà. Ọlọ́run yóò tù yín nínú."

"Àmín, Tíṣà. Ẹ ṣeun. Ẹ̀yin nìkan lẹ wá ni?"

"Rárá, mà. Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn mi."

Mo gbà pé lóòótọ́ ni wọ́n ń bọ̀. Bí mo ṣe ń wí bẹ́ẹ̀ ni a gbọ́ ìró kan níta. Ìró bọ́nẹ́ẹ̀tì, ìdérí ẹ́ńjìnnì jíìpù, kò jọ ìró mìíràn. Ó máa ń dún gbàràgà bíi páànù òrùlé tí atẹ́gùn ṣí. Ìyá gbójú sókè. Ó mọ ìró náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ariwo ti ta lábẹ́ àtíbàbà tí jíìpù olóògbé wà.

"Èmi ló kàn!" Oníṣu ń wí. "Ẹ̀yin lẹ mú ẹsẹ̀ iwájú ti Tíṣà."

"Ó ti bàjẹ́ kí n tó gbé e délé. Mi ò kà á sí ìpín."

"Ẹ fẹ́ fi kọ́ ọkọ̀ kejì tí ẹ máa fi ṣọdẹ! Ọkọ̀ tí ẹ ti ń jó irin mọ́ irin nídìí rẹ̀ láti ìgbà tí ọmọ mi ti ń rákòrò! Iṣu mi ń jẹrà, Oníkòkó."

"Iṣu rẹ kọ́ ló ṣòfin. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o ń dí mi lójú."

Sípánà wà lọ́wọ́ Oníkòkó. Inú àpò agbádá ìkíni rẹ̀ ló fi gbé e wá láti ilé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni ìyá wí.

Àwọn méjèèjì yíjú padà. Oníṣu wólẹ̀, Oníkòkó kò mira. Ó ní, "Ìyàwó wa, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú. Òfin tí baálé yín pàápàá fọwọ́ sí ni. Bí ti ẹnìkan bá ti parí, àwọn yòókù á pín in. Gíábọ́ọ̀sì inú èyí, ti Tíṣà ni tẹ́lẹ̀. Ẹ bi í."

"Tèmi ni tẹ́lẹ̀, òótọ́ ni," mo dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òfin náà bó ṣe wà. Jíìpù tó bá kú la ní a máa pín. A ò mẹ́nu kan ikú olówó rẹ̀."

"Tíṣà, ẹ fi ẹ̀kọ́ sílé ìwé. Jíìpù wo ló ń yè lẹ́yìn olówó rẹ̀? Ta ló máa wà á? Àwọn ọmọ ti lọ sí Èkó. Ìpẹtà ni yóò jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbí yìí."

Ìyá wọlé, ó sì jáde pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó rìn láìwọ bàtà kọjá láàárín wọn, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé tó bẹ́ẹ̀ tí Oníkòkó fi yára fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó sì jókòó sídìí ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó gbà. Èéfín bo agbádá funfun Oníkòkó. Ìyá fi ẹ̀yìn wà á jáde lábẹ́ àtíbàbà, ó gba ẹ̀gbẹ́ jíìpù Oníkòkó kọjá ní ibi tí èmi kì bá ti lè gbé kẹ̀kẹ́ gbà, ó yí igi ọsàn ká, ó sì dúró níwájú wa láìpa ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ fi èyí tó kú nínú rẹ̀ hàn mí," ó wí.

Oníkòkó ń gbọn èéfín kúrò lára agbádá rẹ̀, ìyá sì ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

"Ojú bàbá ti ń ṣú láti bí ọdún mélòó kan. Ta lẹ rò pé ó ń wà á? Èmi ni mò ń wà á títí dé ìtòsí ọ̀dọ̀ yín. Níbi kọ́nà ni a ti ń pààrọ̀ ìjókòó, kó lè rọra wà á dé abẹ́ igi. Kò fẹ́ kí ẹ mọ̀. Ó mọ irú ẹnu tí ẹ ní."

Mo rántí ìgbín tí wọ́n ní ó ṣáájú rẹ̀, ojú tì mí fún wọn.

Oníkòkó kò ní ojú tí ń tì í. Ó kọjú sí àwọn obìnrin ìjọ. "Opó tó wà nínú aṣọ ọ̀fọ̀ ló ń wa jíìpù yí igi ká! Ṣé ẹ rí i báyìí?"

Àgbàlagbà kan nínú wọn dáhùn láti orí àpótí tó jókòó lé: "A rí i. A sì rí sípánà tẹ́ ẹ fi wá kí i."

Oníkòkó bínú lọ. A gbọ́ bó ṣe ń gbẹ̀san lára gíà lójú ọ̀nà. Oníṣu ṣì wà lórí ilẹ̀.

"Mà, mi ò fẹ́ gíábọ́ọ̀sì mọ́," ó ní. "Ẹ ṣàánú mi, ẹ bá mi fi odindi ọkọ̀ kó iṣu náà sọdá."

"Ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀? Láti ìgbà tí ẹ ti wọ agbo ilé yìí, ẹ ò tíì kí mi. Ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì lẹ kọ́kọ́ lọ."

Ó ní kó dìde, kó wọlé, kó jókòó, kó kí òun bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Oníṣu ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú amọ̀ lára ṣòkòtò. Ó kí i, ó kí àwọn obìnrin. Ìyá jẹ́ kó kí tán pátápátá, kò sì bá a rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, "Àárọ̀ ọ̀la. Tíṣà, ẹ̀yin náà máa bá wa lọ, kí wọ́n má bàa sọ òmíràn."

Wọ́n kúkú sọ òmíràn. Oníkòkó ti ròyìn kálẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ènìyàn dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn ní Òmù-Àrán láti wo opó tí kò lè jókòó sílé ṣọ̀fọ̀. Ẹnìkan pariwo pé kí ó padà sórí ẹní. Ìyá kò wo ẹ̀gbẹ́.

Ní etí odò, Oníṣu bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ. "Mà, ẹ gba apá ọ̀tún, ẹ má pààrọ̀ gíà nínú omi, ẹ má sì..."

"Ṣé bí ẹ ṣe ṣe é nìyẹn nígbà tí tiyín fọ́?"

Ìyá wọ inú omi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, omi dé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn, jíìpù náà sì gun bèbè kejì bí àgbò. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi rọlẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀, tí a ń já iṣu sínú lọ́rì tó dúró dè wá lẹ́bàá títì. Àwọn tó wà lókè ṣì dára. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀ òkìtì, òórùn jáde. Oníṣu fi àdá bẹ́ ọ̀kan, ó ti dúdú nínú. Ó bẹ́ òmíràn. Ó fi ẹsẹ̀ ti àwọn tó jẹrà sínú odò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí bèbè náà fi mọ́.

"Ṣé èyí tó kù tó fún irúgbìn?" ìyá bi í.

"Ó tó, mà. Ó tó tà díẹ̀ pẹ̀lú."

"Ẹ wá gíábọ́ọ̀sì tiyín kí ọdún tó ń bọ̀ tó dé. Mi ò ní í máa gbé yín kiri bí ọmọ ilé ìwé."

"Ìyá, ẹ fà á mọ́ra," mo sọ jẹ́jẹ́. "Ojú rẹ̀ ti rí tó lónìí."

"Ojú tèmi ńkọ́, Tíṣà?"

Oníkòkó kò bá wa jókòó mọ́ láti ọjọ́ náà, ó ń sọ kiri pé obìnrin ló tú ẹgbẹ́ wa ká. Ẹ jẹ́ kí n tún ìyẹn náà ṣe: kì í ṣe obìnrin, sípánà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a kó iṣu náà sọdá, Oníṣu kó iṣu tó dára sẹ́yìn jíìpù náà fún ìyá láìdúpẹ́, nítorí pé ó ti rí i pé ìyá kò fẹ́ gbọ́ ọ. Ó gun orí lọ́rì, ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú. Lọ́rì náà ṣí, ó forí lé ọ̀nà Ìsánlú-Ìsin. Ìyá wò ó títí ó fi kọjá kọ́nà, kó tó sọ fún mi pé kí n wọ ọkọ̀, ilẹ̀ ń ṣú, àwọn obìnrin ìjọ ń retí òun fún àdúrà.