Fáìlì Mẹ́fà Lójú Kọ̀mpútà

Mo rántí ìgbà tí mo ń tẹ̀wé ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi ní Òkè-Ìlá, tí ara mi kì í balẹ̀ sórí ohun kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí oníbàárà bá ti wọlé, kíá ni mo máa ń ṣí fáìlì tirẹ̀ lójú kọ̀mpútà, kí ó lè rí orúkọ ara rẹ̀, kí ó má baà sá lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Mo máa ń tẹ ìlà méjì sínú ètò ìgbéyàwó, mà á fò sórí ìwé tí onílé fi ń lé ayálégbé, mà á tún fò sórí ìbéèrè ìdánwò tíṣà. Ọ̀gá mi a ní, "Ẹni tó bá lé eku méjì, á pòfo." Ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Èmi tí mò ń lé mẹ́fà, ọlọ́gbọ́n ni mo ka ara mi sí.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, nọ́ọ̀sì kan mú màmá arúgbó kan wá láti Ìyìn-Èkìtì. Ìyá nọ́ọ̀sì yìí ló kú, ọ̀la ni ìsìnkú. Màmá arúgbó náà ni ẹ̀gbọ́n olóògbé. Wọ́n fẹ́ kí oríkì rẹ̀ wà nínú ìwé ètò ìsìnkú, màmá yìí nìkan ló sì kù tó mọ̀ ọ́n. Màmá di ẹ̀yìn àga mi mú, wọ́n ń ki àbúrò wọn, omijé ń bọ́ lójú wọn. Mò ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi wà lọ́dọ̀ tíṣà tó ń wo aago lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n parí, àwọn méjèèjì lọ rí fádà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Kọ̀mpútà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ni mo bá ń pa àwọn fáìlì dé wàràwàrà. Ó ń bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá kí òun fi iṣẹ́ náà pamọ́, mo ń dáhùn pé rárá, rárá, torí mo rò pé èyí tí mo kàn yọjú wò ni. Ìgbà tí mo wá oríkì tì ni mo tó mọ̀ pé mo ti pa á rẹ́.

Nígbà tí wọ́n padà dé, mo ní iná ọba ló lọ lójijì. Irọ́ ni. Nọ́ọ̀sì káwọ́ lérí. Màmá kò bínú.

"Jókòó, ọmọ mi. A á tún un sọ."

Lọ́tẹ̀ yìí, fáìlì kan ṣoṣo ni mo ṣí, mo sì fetí sílẹ̀. Màmá dé àárín, wọ́n dákẹ́. Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n tún kì í bọ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n tún dúró sí.

"Ó ku ùkan," ni wọ́n wí, wọ́n na ìka kan sókè. "Ùkan tí yèyé wa fi ń pè é ní ulé." Wọ́n wá yíjú sí mi. "Ùwọ tí o kọ ọ́ láàárọ̀, kí ni mo sọ?"

Mo ní mi ò rántí. Bẹ́ẹ̀ la ṣe tẹ ìwé náà láìsí ìlà yẹn.

Màmá ti tẹ̀lé àbúrò wọn báyìí. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi, fáìlì kan lẹ́ẹ̀kan ni mò ń ṣí, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn pé mo ń fàlẹ̀. Nígbà mìíràn, tí ṣọ́ọ̀bù bá dá, mo máa ń gbé ọwọ́ lé kíbọ́ọ̀dù, kí n wò ó bóyá ìka mi á rántí ìlà náà. Àwọn ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Èmi kò sí níbẹ̀.