Lẹ́ǹsì Tí Mo Rà Torí Ojú Màmá Mi

Tí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ní Àgídìngbì, òórùn bísíkíìtì ló máa ń kọ́kọ́ jí mi, kí aago tó dún, kí ẹnikẹ́ni tó tan jẹnẹrétọ̀ ládùúgbò. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe bísíkíìtì náà wà lẹ́yìn ògiri gígùn kan tó gba ẹ̀gbẹ́ kan títì wa já. A ò rí inú rẹ̀ rí, òórùn rẹ̀ nìkan la mọ̀: ṣúgà, bọ́tà, àti nǹkan kan tó fẹ́ jóná ṣùgbọ́n tí kò jóná tán. Inú òórùn yẹn ni èmi àti màmá mi ti máa ń rìn láàárọ̀, lọ́dún tí mo lọ mú wọn wá láti Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn tí àìsàn rọpárọsẹ̀ bá wọn jà. Ojú ọ̀run á funfun bí ẹni pé ẹnì kan ń jọ èlùbọ́ lókè, àwọn òṣìṣẹ́ á máa yọ láti inú ọyẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kí wa, ọyẹ́ á sì tún gbà wọ́n lọ́wọ́ wa.

Dókítà ti fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, “Ẹsẹ̀ yẹn ti san tó. Ẹ̀rù ló kù. Bí wọn ò bá tètè dá rìn, gbígbára lé ènìyàn á mọ́ wọn lára.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi mọ́. Màmá mi á di ọ̀pá mú lọ́wọ́ ọ̀tún, wọ́n á fi tòsì di ọwọ́ mi mú gírígírí, a ó sì máa lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lẹ́bàá ògiri. Bí mo bá dọ́gbọ́n fẹ́ yọ ọwọ́ mi báyìí, wọ́n á dúró gbagidi. “Ṣé o fẹ́ pa mí ni?” Màá rẹ́rìn-ín, àmọ́ àyà mi á já. Obìnrin tó ti fẹsẹ̀ rin gbogbo ọjà Ìjẹ̀bú rí ni mò ń wò yìí o.

Mo ní kámẹ́rà kan nígbà náà, kì í ṣe fún iṣẹ́, ìfẹ́ rẹ̀ ló wà lọ́kàn mi. Lẹ́ǹsì tó bá a wá kò ríran jìnnà. Mo wá ń wá ẹyọ kan ṣoṣo tí màá máa gbé rìn lójoojúmọ́, tó lè gba gbogbo títì wọlé bí mo bá fẹ́, tó sì lè fa ojú ènìyàn súnmọ́ mi bí mo bá tún fẹ́. Ohun tí mò ń sọ fáwọn èèyàn nìyẹn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú màmá mi ni mò ń wá kiri. Ìwọ náà mọ àwọn ìyá wa àti fọ́tò. Ìyá yìí lè máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, àmọ́ bí wọ́n bá ti fojú kan kámẹ́rà, ó parí. Wọ́n á tún gèlè ṣe, wọ́n á na ẹ̀yìn, wọ́n á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, wọ́n á wá tẹjú mọ́ ọ bí ẹlẹ́rìí tó fẹ́ búra ní kóòtù. Láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn títí di ìsinsìnyí, ojú kan náà ló wà nínú gbogbo fọ́tò wọn. Láti ìgbà tí àìsàn yìí sì ti dé, wọn ò tiẹ̀ gbà kí n ya àwọn mọ́. “Fọ́tò ló ń kù lẹ́yìn ènìyàn,” ni wọ́n wí. “Ẹnikẹ́ni ò ní rí mi níbi tí mo ti ń fara ti nǹkan.” Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan, èmi á wá ẹ̀rín màmá mi títí, ẹlẹ́rìí kóòtù yẹn nìkan ni màá sì rí.

Bí mo ṣe gba ọjà kọ̀ǹpútà n'Ìkẹjà lọ lọ́jọ́ Sátidé kan nìyẹn. Ọkùnrin kan tó ń ta lẹ́ǹsì tòkunbọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan gbé méjì kalẹ̀ síwájú mi. Ọ̀kan kúrú, ó fúyẹ́, ọwọ́ kan tó o. Èkejì wúwo, bí o bá sì yí òrùka ara rẹ̀, ọrùn rẹ̀ á máa gùn jáde bíi ti ìjàpá.

“Kí lẹ fẹ́ fi yà, àǹtí mi?”

“Màmá mi.”

“Ṣé wọ́n jìnnà ni?”

“Rárá o. Ilé kan náà la jọ ń gbé.”

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Kí lẹ wá fẹ́ fi ọlọ́rùn gígùn yìí ṣe?”

Mo ní, “Ojú wọn ló jìnnà.”

Ó gbé e sójú iná kí n rí i pé èbu ò sí nínú rẹ̀, ó sì ní kí n lọ dán an wò lẹ́nu ọ̀nà. Lákọ̀ọ́kọ́, gbogbo òpópónà yẹn ló wọlé tòun ti ariwo rẹ̀. Mo wá ń yí òrùka náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn èèyàn ń yọ́ kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì títí tó fi ku ọkùnrin kan ṣoṣo lódìkejì, tó doríkodò lé fóònù tó ti túká, tó ń bá a sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo rí òógùn nímú rẹ̀. Ó ṣe mí bíi pé ariwo ọjà náà dákẹ́, bíi pé mò ń lá àlá lójú oorun. “Ọwọ́ méjèèjì lẹ máa fi dì í mú o,” ni ọlọ́jà wí lẹ́yìn mi. Mo gbọ́, àmọ́ mi ò rántí pé láàárọ̀, ọwọ́ mi kan kì í ṣe tèmi.

Ọjọ́ kejì ni mo rántí. Mo bá ní kí màmá mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì onítíì tí kò tíì ṣí, lẹ́bàá ògiri náà. Mo ní mò ń bọ̀, mo sì lọ sápamọ́ sẹ́yìn igi frúùtù tó wà lókè títì. Mo fa ọrùn lẹ́ǹsì náà jáde tán. Háà, ojú wọn nìyẹn, àfi bíi pé mo lè fọwọ́ kàn án! Wọ́n ń kí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọjá: “Ẹ káàárọ̀ o, ire lẹ máa bá pàdé.” Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níṣẹ́ òru dá wọn lóhùn tòun ti oorun lójú, “Ẹ káalẹ́ o, màmá.” Ẹnu wọn bẹ̀rẹ̀ sí í là, ẹ̀rín ń bọ̀. Mo gbé ìka mi lé bọ́tìnì. Ìgbà náà gan-an ni ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan yà sọ́dọ̀ wọn. Ọmọ Èkó, ẹnu wọn kì í dákẹ́. “Màmá, ẹ wojú ọ̀hún o, wọ́n ń yà yín ní fọ́tò!”

Ẹ̀rín náà pòórá. Ọwọ́ lọ sí gèlè. Mo pòṣé, inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ kámẹ́rà náà mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí wọ́n wo bẹ́ǹṣì tí wọ́n jókòó lé, tí wọ́n wo ọ̀pá ọwọ́ wọn, tí wọ́n sì gbé ọ̀pá náà sórí bẹ́ǹṣì, tí wọ́n ju ìborùn wọn bò ó. Màmá mi dìde. Wọ́n na ẹ̀yìn, wọ́n tẹjú mọ́ mi láti òkèèrè, ọwọ́ méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, láìdi nǹkan kan mú.

Mo kàn ń yà wọ́n ni.

“Ibi tó o wà yẹn ti jìnnà jù!” ni wọ́n ké. “Báwo lo ṣe fẹ́ rí ojú mi?” Ni wọ́n bá gbéra. Ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ eruku, àmọ́ ó ń bọ̀. Wọ́n kún inú lẹ́ǹsì náà, mo yí òrùka rẹ̀ padà kí wọ́n lè gbà síbẹ̀. Wọ́n tún súnmọ́, mo tún yí i, títí ọrùn rẹ̀ fi wọlé tán tí kò sí ibi tí mo tún lè yí i sí. Mo wá ń fẹ̀yìn rìn.

“Kí lo tún ń sá fún?” Ọwọ́ wọn bà lé èjìká mi. “Mo ti dé. Ṣé ó mọ́ dáadáa? Gèlè mi ńkọ́?”

Mo gbójú kọjá èjìká wọn. Wọ́n bá bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí bẹ́ǹṣì náà lọ́hùn-ún nínú ọyẹ́, pẹ̀lú ìborùn tó bo ọ̀pá.

“Yéè! Ta ló gbé mi débí?”

Ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mo torí rẹ̀ ra lẹ́ǹsì, orí sẹ́yìn, ẹnu sílẹ̀, omi lójú. Kámẹ́rà ń fì lọ́rùn mi. Ọwọ́ mi méjèèjì ló dì wọ́n mú.

Wọ́n ti padà sí Ìjẹ̀bú-Òde báyìí, ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n sì fi wọkọ̀. Fọ́tò ibi tí wọ́n ti dìde dúró níwájú bẹ́ǹṣì ni wọ́n ní kí n gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀ wọn, ojú kóòtù yẹn náà ni, bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀rín náà ò sí nínú fọ́tò kankan. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ojú líle yẹn ló ń fi màmá mi pa mọ́ fún mi, láìmọ̀ pé òun ló máa gbé wọn dìde. Lẹ́ǹsì náà ṣì ni mò ń gbé rìn. Bí àgbàlagbà kan bá rí i lónìí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún gèlè tàbí fìlà ṣe, tó ń na ẹ̀yìn, mi ò jẹ́ pòṣé mọ́. Mo máa ń dúró kó dìde tán.