Ọjọ́ Tí Ìyá Awò Kọ̀ Láti Ya Afẹ́fẹ́

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kó má bàa bẹ́ mọ́ mi nínú. Èmi kì í ṣe ẹni tó lè pa ayọ̀ mọ́ra. Bí inú mi bá dùn, ilé kẹta á gbọ́. Bí inú bá bí mi, ilé kẹfà á gbọ́. Báyọ́lọ́jì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama, ẹni tí mo sì fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún yín ni obìnrin tó ń gbálẹ̀ láàbù wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Awò.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti fi ń fọ gíláàsì níbẹ̀. Maikirosikóòpù mẹ́jọ la ní, àwọn awò tó ń fi ohun tí ojú ò rí hàn, ó sì mọ ìwà ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ó mọ èyí tí ọrùn rẹ̀ le, ó mọ èyí tí dígí rẹ̀ ti há, ó mọ èyí tó jẹ́ pé bí èèyàn bá yí i kọjá ààlà, á já lu gíláàsì tó wà lábẹ́ rẹ̀, á sì fọ́ ọ yángá. Aṣọ funfun kan wà tó fi ń nu ojú wọn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fi àtàǹpàkò nu awò, láti ẹnu ọ̀nà lẹ ó ti gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ìka tó o fi ń họ imú lo fẹ́ fi nu ojú mi?" Bí ẹni pé ojú ara rẹ̀ ni.

Èmi náà ti gba irú ìbáwí bẹ́ẹ̀ rí, torí ilé ìwé yìí kan náà ni mo ti kàwé. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wo awọ àlùbọ́sà, mo di ojú kan, mo fi èkejì wo inú maikirosikóòpù, mo rí ohun róbótó kan tó mọ́ gara, tí etí rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo yà á tìgbéraga-tìgbéraga. Mo kọ "sẹ́ẹ̀lì" sí i lórí gàdàgbà. Ìyá Awò ń gbálẹ̀ kọjá lọ, ó yọjú sí ìwé mi.

"Ọmọ mi, afẹ́fẹ́ lo yà yẹn."

"Afẹ́fẹ́ kẹ̀?"

"Afẹ́fẹ́ tó há sábẹ́ gíláàsì. Fi abẹ́rẹ́ tẹ orí gíláàsì yẹn jẹ́jẹ́. Tó bá sá, afẹ́fẹ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì kì í sá kúrò nílé ẹ̀."

Mo tẹ̀ ẹ́, ó sá lóòótọ́! Mo sún gíláàsì náà díẹ̀, ni mo bá rí àwọn sẹ́ẹ̀lì gidi, wọ́n tò gbọọrọ-gbọọrọ bíi búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà tò, kókó kékeré kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo pariwo débi pé tíṣà lé mi síta. Ìta níbẹ̀ ni mo ti pinnu pé iṣẹ́ tí màá ṣe láyé nìyí.

Obìnrin tó fi sẹ́ẹ̀lì hàn mí yìí, kíláàsì kẹta girama ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀. Òun ni àkọ́bí, àbúrò márùn-ún ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyá wọn sì nílò ẹni tí yóò máa pọn àwọn kéékèèké bí òun bá lọ síbi iṣẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ṣí ìwé wọn dé ibi ẹ̀kọ́ sẹ́ẹ̀lì gan-an ni ìyá rẹ̀ wá mú un ní kíláàsì. Tíṣà bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá wo àwòrán tó wà nínú ìwé, ó ní kí ni ohun tí ojú ò rí fẹ́ ṣe fún ọmọ tí ebi ń pa. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ sílé. Ìyá náà ṣì wà láyé, ọ̀dọ̀ Ìyá Awò náà ló ń gbé, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ tí à ń lò ní láàbù lọ.

Lọ́dún yìí, ọ̀gá láàbù fẹ̀yìn tì, ìyẹn bàbá tó máa ń so kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ọrùn bí ẹni pé góòlù là ń kó síbẹ̀. Lẹ́tà wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ti lo ogún ọdún ní láàbù lè du ipò náà láìní ìwé ẹ̀rí, bó bá lè yege ìdánwò ojúkojú: kó ya ohun tó wà lábẹ́ maikirosikóòpù, kó sì sọ iṣẹ́ gbogbo ohun tó yà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fò! Ìgbà tí mo ka ìpínrọ̀ kejì ni ara mi tó wálẹ̀. Ọ̀gá láàbù tuntun ni yóò máa gbálẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọn ò ní lo agbálẹ̀ mọ́. Ìyẹn ni pé bí Ìyá Awò bá yege, ó di ọ̀gá. Bí kò bá yege, kó máa lọ sílé ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi múra. Bí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé lọ́sàn-án, a ó jókòó sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ọwọ́ rẹ̀ kò ní àléébù kankan. Ó lè bó awọ àlùbọ́sà tó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì kó má ká rárá, kó sì kán ayodíìnì, àwọ̀ tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì hàn kedere, sí i bó ṣe yẹ. Orúkọ ni wàhálà wa. Láti ọjọ́ yìí wá, ó ti sọ gbogbo wọn ní orúkọ tara ẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń pe kókó àárín yìí, mà?"

"Baálé."

"Núkílíọ́ọ̀sì ni, mà. Òun ló ń darí gbogbo ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe, inú rẹ̀ sì ni àwọn àmì tí ọmọ ń jogún wà."

"Ṣé baálé kọ́ nìyẹn? Èyí tiẹ̀ tún dáa, tèmi nílé kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀."

Awọ tó yí sẹ́ẹ̀lì ká, Aṣọ́bodè ló ń pè é, torí pé òun ló ń yan ohun tó máa wọlé àti ohun tó máa jáde. Àpò omi ńlá inú rẹ̀, Àmù ni. Maitokọ́ńdíríà, tí àwọn maikirosikóòpù wa ò tiẹ̀ lágbára láti fi hàn, tó jẹ́ inú ìwé nìkan la ti ń rí i, ó ní Ìdáná ni, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ti ń di agbára.

"Tíṣà mi, mo mọ iṣẹ́ wọn, àwọn náà mọ̀ mí. Ṣé dandan ni kí n tún mọ orúkọ tó wà nínú ìwé ìbí wọn?"

Mo gbaná jẹ. Mo ní dandan ni! Mo tún kìlọ̀ ohun kan fún un tó ń dùn mí títí di òní: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bá olùdánwò jiyàn o. Ohunkóhun tó bá gbé síwájú yín, ẹ ṣáà yà á." Ó ní òun gbọ́.

Àwọn mẹ́ta ló wá ṣe ìdánwò: ọ̀dọ́kùnrin kan tó de táì, ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ kóòtù funfun tí ìlà áyọ́ọ̀nù ṣì wà lára rẹ̀, àti Ìyá Awò. Èmi jókòó sẹ́yìn, wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ la ẹnu. Olùdánwò jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó ń wo aago ọwọ́ ní gbogbo ìgbà. Fúnra rẹ̀ ló tẹ́ awọ àlùbọ́sà sórí gíláàsì, tìkánjú-tìkánjú, ó sì ju gíláàsì ìbòrí lé e gbà. Mo rí i. Ìyá Awò náà rí i.

Ọ̀dọ́kùnrin wò ó, ó yà á. Ọ̀dọ́bìnrin wò ó, ó yà á. Ó wá kan Ìyá Awò. Ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbórí sókè, ó gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, mi ò rí sẹ́ẹ̀lì níbí."

"Àwọn tó ṣáájú yín rí i."

"Afẹ́fẹ́ ni wọ́n rí, sà."

Yéè! Mo fẹ́ wúkọ́, mo fẹ́ ju bàtà, mo fẹ́ ṣe ohunkóhun tó máa pa á lẹ́nu mọ́. Olùdánwò wò ó tìyanu-tìyanu.

"Ìyá, èmi ni mo ṣe é. Ṣé ẹ máa yà á àbí ẹ ò ní yà á?"

Iṣẹ́ ọdún mẹ́tàlélógún ló wà lórí ọ̀rọ̀ tó máa sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ó wo ojú ọkùnrin náà.

"Mi ò ní yà á, sà. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tẹ orí gíláàsì yẹn jẹ́jẹ́. Tí kò bá sá, ẹ lé mi lọ."

Ọkùnrin náà mú abẹ́rẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Kò wo aago mọ́.

"Ó sá," ló wí.

Ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní kí ìyá ṣe tirẹ̀ kí àwọn rí i. Ẹ wá wo ọwọ́! Ó bó awọ àlùbọ́sà, ó tẹ́ ẹ sínú ẹ̀kán omi kan, ó kán ayodíìnì sí i. Ó fi abẹ́rẹ́ gbé etí gíláàsì ìbòrí dání ní ẹ̀gbẹ́ kan, ó wá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Afẹ́fẹ́ kankan kò ráyè. Ọ̀dọ́bìnrin oníkóòtù wò ó, ó kígbe bí èmi náà ṣe kígbe níjọ́ tèmi, mo sì dárí kóòtù tó ti ń bí mi nínú láti àárọ̀ jì í lójú ẹsẹ̀.

Ìyá Awò ya àwòrán rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Àfi bí wọ́n ṣe ní kó dárúkọ ohun tó yà, ni gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá fò lọ.

"Kí ni ti àárín yìí?"

"Ba... baálé ni, sà."

Mo fọwọ́ bojú.

"Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

Háà, ẹnu rẹ̀ ṣí! Ó sọ ti baálé, ó sọ ti aṣọ́bodè, ó ní ògiri tó yí aṣọ́bodè ká ni kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì bẹ́ nígbà tí omi inú àmù bá kún. Olùdánwò bi í pé kí ló dé tí àwọ̀ ewé kò sí nínú sẹ́ẹ̀lì yìí, nígbà tó jẹ́ pé ewé àlùbọ́sà kan náà tútù yọ̀yọ̀ lókè.

"Inú ilẹ̀ lèyí ń gbé, sà, kì í rí oòrùn. Ta ló máa lọ kọ́ ààrò síbi tí iná ò lè dé?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Ó kọ̀wé pẹ́. "Ẹ lọ kọ́ orúkọ wọn, mà," ló wí. "Oṣù kan ni mo fún yín. Iṣẹ́ wọn, ẹ ti mọ̀ ọ́n tán."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà tó fi í ṣe ọ̀gá láàbù àti kọ́kọ́rọ́ dé lọ́jọ́ kan náà, oṣù tó fún un ò tiẹ̀ tíì pé. Ilé kẹta gbọ́ ohùn mi, ilé kẹsàn-án náà gbọ́!

Ọ̀sán ọjọ́ àkọ́kọ́ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú ìyá rẹ̀ wá sí láàbù. Ìyá arúgbó ti ọ̀pá wọlé, ó ní ibẹ̀ ń rùn, ó ní àga ga jù. Ìyá Awò ṣí kọ́bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ó gbé èyí tó dáa jù nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ó mú igi ìtayín kan.

"Ìyá mi, ẹ lanu."

Ó rọra fi ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi í ra gíláàsì, ó kán àwọ̀ sí i, ó bò ó. Arúgbó tẹ̀ síwájú, ó wò ó.

"Kí nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, mà. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín nìyẹn."

"Gbogbo àwọn wọ̀nyí?"

"Díẹ̀ nìyẹn, mà. Àwọn yòókù ò lóǹkà. Ẹ rí kókó àárín wọn yẹn? Núkílíọ́ọ̀sì ni. Ìdajì ohun tó wà nínú tèmi, inú tiyín ló ti wá."

Ó pe orúkọ náà láìkọsẹ̀! Omi bọ́ lójú mi, n kò ní purọ́.

Arúgbó ò gbé ojú kúrò lẹ́nu awò.

"Ẹ̀kọ́ èyí ni mo fà ẹ́ kúrò nídìí ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo ní ojú ò rí i."

Ìyá Awò na ọwọ́, ó yí nǹkan róbótó ẹ̀gbẹ́ maikirosikóòpù díẹ̀ kó lè túbọ̀ mọ́ sí i lójú.

"Má tíì gbé e," ni ìyá rẹ̀ wí. "Mò ń rí i."