Kóòṣì Tó De Ọwọ́ Òsì

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Olówógbowó l'Ékòó, kò pẹ́ púpọ̀ tí ogun abẹ́lé parí, tẹ́bù tẹ́níìsì ni eré wa. Ẹ má rò pé tábìlì olówó ńlá ni mò ń sọ o. Pákó fífẹ̀ méjì tí káfíńtà kàn pọ̀ ni, a gbé e ka orí àgbá epo, a wá fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ dábùú àárín rẹ̀ ní ipò nẹ́ẹ̀tì. Ẹyin la ń pe bọ́ọ̀lù rẹ̀. Bí ẹyin bá fọ́, eré parí nìyẹn títí ẹnì kan yóò fi rí òmíràn.

Ẹ̀yin ọmọ àdúgbò ẹ wá bá mi, ẹ ní ẹ fẹ́ wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ yín ní eré yìí, kí n sọ irú ẹni tó ń jẹ́ kóòṣì dáadáa, torí pé ẹ rí ife ẹ̀yẹ kékeré kan ní pálọ̀ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú èyí tí kò dáa. Títí di òní, bí mo bá rántí ọkùnrin náà, ẹnu mi a máa korò, bí ìgbà tí èèyàn bá tọ́ ọbẹ̀ tó ti kan wò.

Kóòṣì là ń pè é. Akọ̀wé ni níbi iṣẹ́ kan ní Mẹ̀rínà, fèrè kan sì wà lọ́rùn rẹ̀ tí kì í bọ́. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, àwọn bàbá tó bá ti mọ́ṣáláṣí dé a máa gbé àga síta láti wò wá. Ojú àwọn bàbá yìí ni Kóòṣì ń wò, kì í wo ọwọ́ wa rárá. Bí ọ̀kan nínú wa bá gbá a dáadáa, á ní, "Ẹ rí iṣẹ́ mi, ẹ̀yin bàbá?" Bí a bá ṣì í gbá, kò ní sọ ohun tó fà á, orí wa ni yóò fi fèrè kàn.

Ọmọbìnrin kan wà nínú agboolé wa, ẹgbẹ́ mi, tí ìyá rẹ̀ ń ta bàtà ní Ọjà Balógun. Ìdí ẹ̀rọ omi kan náà la ti ń pọnmi. Ọwọ́ òsì ló ń lò. Mi ò tíì rí irú rẹ̀ mọ́ láyé mi. Ẹyin á kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, á fara kan igun tábìlì, á sì yà bàrá. Gbogbo ìgbà tí a fi jọ ń gbá a, mi ò borí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a ó yan ọmọ tí yóò lọ bá àwọn ọmọ Obalende gbá a, Kóòṣì dá eré dúró.

"Ọwọ́ òsì lo fi ń gbá ẹyin lójú àwọn bàbá? Ọwọ́ tí o fi ń fọ̀dí? Ṣé o ò mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni?"

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn bàbá náà, tó ń rán fìlà, dá a lóhùn pé, "Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́. Jẹ́ kí ọmọ ṣeré ẹ̀, jàre. Kò bú wa."

"Bàbá, iyì yín ni mò ń gbé ga," ni Kóòṣì wí. Ó tú bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ó sì fi de ọwọ́ òsì ọmọ náà mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ojoojúmọ́ ló ń dè é bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Omijé ń bọ́ lójú ọmọ, ẹyin ń bọ́ sí gọ́tà, Kóòṣì ń fọn fèrè. Àwọn bàbá tó ní òun ń gbé iyì wọn ga ti kó àga wọn wọlé, ìwà rẹ̀ ti rí wọn lára.

Lọ́jọ́ ìdíje, ó wá ku èmi àti ọmọbìnrin náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé mọ́kànlélógún ni yóò gba ife, tí yóò sì lọ sí Obalende. Kóòṣì ò dè é lọ́jọ́ náà, síbẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ yẹn ló fi bá mi dé méjìdínlógún sí méjìdínlógún. Mo wá gbá ẹyin kan sí apá òsì rẹ̀. Báàtì rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ òsì rẹ̀, mi ò tiẹ̀ rí ẹyin mọ́ àfi ìgbà tó kan ògiri lẹ́yìn mi. Gbogbo àdúgbò hó yèè. Kóòṣì fọn fèrè. Ó ní fáòlù ni, ó sì gbé pọ́ìntì náà fún mi.

Kò sí òfin bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí, torí èmi ni mo máa ń bá Kóòṣì gbé ìwé òfin eré náà, mo sì ti kà á tán. Ọmọ náà ò wo Kóòṣì, èmi ló ń wò. Mo dorí kodò, mo mú ẹyin, mo gbá a lọ títí mo fi dé mọ́kànlélógún. Bí mo ṣe gba ife nìyẹn. Ó rọra fi báàtì lélẹ̀, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó burú jù. Ọmọ tí mo kọ́kọ́ bá gbá ẹyin ní Obalende lù mí ní àlùbami, ọwọ́ òsì ló sì fi gbá a. Kóòṣì sáré lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó wá máa gbá a ní àdúgbò wa. Ó ní ọwọ́ òsì rẹ̀ dùn ún wò. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wò wọ́n. Kóòṣì ń rí mi lára, èmi náà sì ń rí ara mi lára.

Ayé ti yí padà. Ọmọ-ọmọ mi ń fi òsì kọ̀wé, tíṣà ò nà án. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí kóòṣì kan tó kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ tó ń kọ́, tó gbé fóònù, tó ń ya ara rẹ̀. Bẹ́líìtì ti lọ, àìsàn ọ̀hún ò lọ. Ẹ wá ẹni tó ń wo ọwọ́ ọmọ, tí kì í wo ojú èèyàn. Ẹ má sì tìtorí ife yẹn bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra bàtà lọ́wọ́ ọlọ́wọ́ òsì ọjọ́ náà, tó ti di obìnrin àgbà, ní Balógun, ní ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Mo fi gbogbo ẹnu sọ fún un pé pọ́ìntì ọjọ́ yẹn, tirẹ̀ ni. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún na bàtà sí mi.

"Mo mọ̀, Àlàájì," ló wí. "Ẹ̀yin náà mọ̀ lọ́jọ́ yẹn."