Bí Aṣọ Màmá Mi Ṣe Dé Ara Ògiri

Ìṣó náà tún já bọ́. Ó bá ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ó dún gban-un, ó yí wọ abẹ́ àga, erùpẹ̀ pupa sì tú sórí ìyá àgbà bí ẹni da àtíkè lé wọn lórí. Orí àpótí ni wọ́n dúró sí. Òòlù wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì di etí aṣọ ńlá kan mú, ìyókù aṣọ náà sì wọ́ jọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àpótí. Wọn ò bú ìṣó, wọn ò bú ògiri. Wọ́n fẹ́ erùpẹ̀ kúrò létè, wọ́n ní, "Bá mi wá a."

Mo fi àyà lélẹ̀, mo na ọwọ́ wọ abẹ́ àga, mo fà á yọ. Ó ti tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja. Ìyá àgbà gbé e lé òkúta, wọ́n lù ú títí ó fi nà, wọ́n sì tún gun àpótí padà.

Ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò jìnnà sí Takie, ilé alámọ̀ ni. Wọ́n kàn fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń kọjá lójú títì á rò pé búlọ́ọ̀kù ni, àmọ́ ẹni tó bá kan ìṣó mọ́ ọn ló máa mọ òótọ́. Sìmẹ́ǹtì á gba ìṣó, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì pọ̀ ọ́ jáde.

Àwọn aṣọ màmá mi ni wọ́n fi rán aṣọ ńlá yẹn. Mo kéré gan-an nígbà tí màmá mi kú. N kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Àbíkẹ́yìn ìyá àgbà ni wọ́n jẹ́. Lọ́dọ̀ wa, tí ọmọ bá kú ṣáájú òbí rẹ̀, òfò ni. Òbí kì í dé ibi sàréè. Àwọn ẹbí á yára kó ẹrù òkú kúrò nílé, ẹnikẹ́ni ò sì ní í dárúkọ rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀ mọ́, kí ọgbẹ́ má baà tún ṣẹ̀jẹ̀. Àánú ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìyá àgbà gbà fún wọn lórí ọ̀rọ̀ sàréè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibi ẹrù, ìyá àgbà jókòó lé àpótí aṣọ ọmọ wọn, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ gbé e, kó gbé àwọn náà mọ́ ọn.

Aránṣọ ni ìyá àgbà. Tí mo bá ń bọ̀ láti ilé ìwé, láti ẹnu kọ̀rọ̀ ni mo ti máa ń gbọ́ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ wọn, kẹ̀tẹ̀kẹ̀tẹ̀kẹ̀tẹ̀, a dákẹ́ díẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀. Yàrá wọn máa ń rùn fún epo ẹ̀rọ, káńfọ̀ àti aṣọ tí áyọ́ọ̀nù eléèédú ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Nínú yàrá yẹn ni wọ́n ti já àwọn aṣọ màmá mi sí wẹ́wẹ́, wọ́n gé wọn ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, wọ́n wá ń rán wọn mọ́ra. Kúbùsù àtijọ́ ni wọ́n tẹ́ sáàárín, wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun bo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ gún gbogbo rẹ̀ pọ̀, tó fi nípọn bíi tìmùtìmù. Bí wọ́n bá mú ìrépé kan dání, wọn a ní, "Èyí ló fi gbé ọ jáde lọ́jọ́ ìkómọ rẹ." Wọn a mú òmíràn, "Èyí ló wọ̀ títí apá rẹ̀ fi já. Mo ní kó sọ ọ́ nù, ó kọ̀."

Mo rò pé a máa fi bora ni.

"Bí a bá fi bora, a ó máa fọ̀ ọ́," ni wọ́n wí. "Bí a bá sì ń fọ̀ ọ́, á gbó. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí, eku á jẹ ẹ́, àwa náà á sì gbàgbé. Ara ògiri ló ń lọ. Ní pálọ̀, níbi tí ẹni tó bá wọlé á ti rí i."

Ṣùgbọ́n ìṣó kọ̀. Nígbà tó yá, orí ìṣó kan fa igun aṣọ náà ya, ìyá àgbà sì ju òòlù sílẹ̀. Wọ́n ta okùn láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n fi aṣọ náà kọ́ ọ. Okùn dẹ̀, àárín aṣọ rọ̀ wálẹ̀. Obìnrin aládùúgbò kan yọjú, ó ní, "Ìyá, ẹ kú aṣọ fífọ̀ o! Ṣé òjò ló lé yín wọlé?" Ìyá àgbà dá a lóhùn dáadáa, wọ́n bi í nípa àwọn ọmọ rẹ̀. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà báyìí, wọ́n já okùn.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀gbọ́n màmá mi dé. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà, Bàbá Ọ̀yọ́ la sì ń pè wọ́n. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ kí ìyá wọn, wọ́n gbé búrẹ́dì fún mi, kí ojú wọn tó bọ́ sórí àga tí aṣọ náà wà. Wọ́n dìde dúró.

"Màmá, kí lèyí?"

"Àwọn aṣọ àbúrò rẹ ni. Mò ń wá bí mo ṣe máa gbé e kọ́."

"Sínú pálọ̀ níbí? Kí n máa wọlé, kí n máa rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò lè fara dà á, Màmá. A ti sin ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó lọ."

Ìyá àgbà ń bó ẹ̀pà lọ́wọ́. Wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀.

"Èmi náà ò lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ńkọ́? Mo bi í bí ojú ìyá rẹ̀ ṣe rí, ó ní òun ò mọ̀. Gbogbo wa panu mọ́ kí ọkàn tiwa lè balẹ̀. Ikú gba ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwa wá ń gbà á lẹ́ẹ̀kejì."

Bàbá Ọ̀yọ́ wò mí, wọ́n gbójú kúrò. Wọ́n mú báàgì wọn, wọ́n lọ láìjẹun. Ìyá àgbà ò pè wọ́n padà. Wọ́n bo oúnjẹ tí wọ́n ti sè dè é, wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ wọn, àmọ́ fún ìgbà pípẹ́ n kò gbọ́ kẹ̀tẹ̀kẹ̀tẹ̀ kankan.

Ṣòkòtò ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin kan gbé e wá fún àtúnṣe, ìyá àgbà sì ń ki okùn bọ ìbàdí rẹ̀. Wọ́n dáwọ́ dúró láàárín. Wọ́n fa okùn náà síwájú, wọ́n fà á sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ṣòkòtò sókè níwájú mi.

"Wò ó. Okùn ò di ibì kan ṣoṣo mú. Gbogbo ìbàdí ṣòkòtò ló gbé."

Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n gé aṣọ funfun tóóró kan, wọ́n rán an mọ́ ẹ̀yìn aṣọ màmá mi lókè, láti etí kan dé èkejì, wọ́n fi inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu bí ojú okùn ṣòkòtò. Ọ̀pá ló kù. Àbúrò wọn ń dáko ní Ìkòyí-Ilé, ọparun sì wà lẹ́yìn oko rẹ̀, la bá gbéra. Ìyá àgbà fúnra wọn ló yan èyí tó gún jù. Awakọ̀ kọ́kọ́ ní òun ò ní gbé igi. Ìyá àgbà kàn dúró síwájú ọkọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i, títí ó fi so ó mọ́ orí ọkọ̀ fún wa.

Káfíńtà kan wà lójúlé kejì, ọkùnrin jẹ́jẹ́. Òun àti ìyá àgbà jọ wo òkè pálọ̀ títí. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n yé yọ ògiri lẹ́nu. Igi tó gbé òrùlé ni kó gbé aṣọ. Káfíńtà kan ìkọ́ irin mọ́ igi náà, ó so okùn tó lágbára mọ́ ọn, ìyá àgbà sì ní kó jìnnà sí fèrèsé kí oòrùn má baà pa àwọ̀ rẹ̀. A ki ọ̀pá ọparun náà bọ ẹ̀yìn aṣọ. Nígbà tó tó àkókò láti gbé e, káfíńtà ní kí ìyá àgbà jókòó, òun á pe ọmọ iṣẹ́ òun.

"Ọmọ mi ni," ni ìyá àgbà wí. Wọ́n gun àpótí, wọ́n sì gbé apá kan ọ̀pá náà fúnra wọn.

Aṣọ náà rọ̀ wálẹ̀ gbọọrọ. Kò dẹ̀, kò ká kò. Àwọ̀ aró, pupa rẹ́súrẹ́sú, òdòdó wẹ́wẹ́, gbogbo rẹ̀ kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Ìyá àgbà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n fi etí ìró nu ojú, wọ́n ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi."

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ẹ. Àgbà obìnrin kan nínú ẹbí wá, ó ní èèwọ̀ ni, kí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyá àgbà fún un ní àga tó kọjú sí aṣọ náà gan-an, wọ́n bu omi fún un. Àgbà obìnrin náà wò ó títí, ó wá na ìka sí ìrépé kan. "Háà. Èyí kọ́ ló wọ̀ lọ́jọ́ tó ṣubú sínú kòtò níwájú ṣọ́ọ̀ṣì? Tó jáde, tó ń rẹ́rìn-ín?" Èmi kò gbọ́ ìyẹn rí. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí àlejò tí kì í sọ nǹkan. Bí mo ṣe ń kó màmá mi jọ nìyẹn. Mo mọ̀ pé wọn kì í jẹ ilá. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń sáré gun àtẹ̀gùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín wọn máa ń ṣíwájú wọn wọlé.

Ọdún ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí Bàbá Ọ̀yọ́ tó tún wá. Wọ́n tẹjú mọ́lẹ̀ wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n kẹ̀yìn sí ògiri. Ìyá àgbà lọ bu oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe jáde, Bàbá Ọ̀yọ́ dìde, wọ́n yí padà díẹ̀díẹ̀, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìrépé aláwọ̀ ewé kan.

"Èmi ni mo ra èyí fún un," wọ́n ń sọ fún mi láìwò mí. "Ní ọjà Akẹ̀sán, nígbà tó yege ìdánwò rẹ̀. Ó gùn jù ú lọ. Mo ní kó jẹ́ ká gé e, ó ní rárá, òun máa ga dé ibẹ̀. Ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ káàkiri ìgboro."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu wọn. Ìyá àgbà ti wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo oúnjẹ, wọn ò wọlé. Wọ́n dúró síbẹ̀ títí ẹkún ọmọ wọn fi rọlẹ̀, kí wọ́n tó ní, "Wá jẹun. Ọbẹ̀ ti ń tutù."

Ìyá àgbà ti di èrò ọ̀run báyìí. Bàbá Ọ̀yọ́ ló ní kí n jẹ́ kí aṣọ náà wà lọ́dọ̀ àwọn, mo sì gbà. Ara ògiri pálọ̀ wọn ló wà. Ọ̀yọ́ ni èmi náà ń gbé, n kì í sì í fi ojú bà á lójoojúmọ́. Àmọ́ bí mo bá lọ kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú, tí mo bá gbọ́ tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún un pé kó gbàgbé, mo máa ń ní sùúrù kí wọ́n lọ tán. Màá wá sún mọ́ ọn, màá bi í pé, "Báwo ló ṣe máa ń ṣe, tó bá ń rẹ́rìn-ín?" Àwọn kan ti bínú sí mi. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbé ojú sókè, wọn a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.