Ọjọ́ Mẹ́ta Láti Ṣakí sí Ìsẹ́yìn

Nígbà tí èmi arúgbó yìí ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, kò sẹ́ni tó ń béèrè pé wákàtí mélòó ni ìlú kan sí èkejì. Oorun la fi ń ka ọ̀nà: oorun mélòó lo máa sùn kó o tó débẹ̀? Láti Ṣakí sí Ìsẹ́yìn, oorun méjì ni, ọjọ́ kẹta lẹsẹ̀ á wọ̀lú, bí òjò ò bá dá yín dúró.

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti bí ìyá mi. Ọkọ ló gbé e wá sí Ṣakí, ìyá tó bí i sì wà lọ́hùn-ún. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ń ru aṣọ òfì wá tà láti Ìsẹ́yìn yà sílé wa. Ó kí bàbá mi tán, ó yíjú sí ìyá mi, ó ní: “Màmá yín ní kí n kí yín o. Ara wọn ò yá díẹ̀. Wọ́n ní kẹ́ ẹ máa bọ̀.”

Ẹ̀yin ọmọ òde òní, ọ̀rọ̀ yìí lè má jọ yín lójú. Láyé ìgbà náà, a kì í ṣàdédé túfọ̀ fún ọmọ tó wà lọ́nà jíjìn. “Ara wọn ò yá” la máa ń wí, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà rọ lọ́nà. Àgbà tó bá gbọ́ ọ, ó ti yé e.

Bàbá mi mirí. “Ta ló máa ránṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nítorí ibà?” Ìyá mi tú gèlè, ó bú sẹ́kún. Aláṣọ náà ń pariwo pé, “Ẹ̀mí wọn ń bẹ o! Ojú mi yìí ni mo fi rí wọn!” Ta ló máa gbà á gbọ́? Ohun tí gbogbo ẹni tó ń tan ọmọ olóòkú máa ń wí náà nìyẹn.

Àkọ́bí kì í sì í lọ síbi ìsìnkú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ aṣọ láró. Ó rẹ ẹ́, ó sá a, ó tún rẹ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko! Bàbá mi ní kò sí ìkánjú mọ́, ẹni tó lọ ti lọ.

A wá gbéra. A sùn ní Òfíkì, a sùn ní abà kan, oòrùn ọjọ́ kẹta ti ń rọlẹ̀ ká tó dé agboolé wọn. Àbúrò ìyá mi jáde pàdé wa, ojú rẹ̀ wú. “Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dá yín dúró? Àná ni wọ́n dákẹ́. Láràárọ̀ ni wọ́n ń ní ká gbé àwọn sẹ́nu ọ̀nà, pé ẹ ò ní pẹ́ dé.”

Ìyá mi ò sunkún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tí aró ti sọ di dúdú, ó ń wò wọ́n. Mo ti rí ìbànújẹ́ láyé, mi ò rí irú èyí rí. Títí ó fi kú, kò rẹ aṣọ mọ́.

Lónìí, ọmọ mi tó ń gbé ní Kánò ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Èkó padà síbẹ̀. Ó ní kò ju wákàtí kan àti ààbọ̀ lọ, pé kí òun tó jẹun tán, wọ́n á ní kí àwọn máa sọ̀ kalẹ̀. Háà! Mo dúpẹ́ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà Ìsẹ́yìn ló fi ìyá ìyá mi dù wá. Ká ní ọkọ̀ òfuurufú wà nígbà náà, ìdí ìkòkò aró la ò bá ṣì jókòó sí.

Nílé tèmi, bí ẹnì kan bá kú, a máa ń sọ pé ó kú. Àwọn ará àdúgbò ní mi ò mọ àṣà, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí. Lọ́dún tó kọjá tí ibà dá mi gúnlẹ̀, àwọn ará ilé mi ránṣẹ́ sí Kánò pé ara Màmá ò yá. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọmọ mi ti jókòó tì mí, ó ń fún mi lómi mu.