Orí Mùnírátù Nínú Ìgò

Ní ọdún 1994, iwájú ilé wọn ní Ìlàrè ni Mùnírátù ń gbé taipuráítà rẹ̀ sí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì a máa gbé iṣẹ́ wá fún un. Àwọn olùkọ́ náà a máa gbé ìbéèrè ìdánwò wá, nítorí kì í sọ̀rọ̀ jù. Bí ó bá tẹ ìbéèrè tán, ó máa ń ká bébà kábọ̀n pọ̀ mọ́ ọn, á dá gbogbo rẹ̀ padà fún ẹni tó ni ín. Ó ní ohun tí kábọ̀n bá ti rí, kò ní gbàgbé.

Síbẹ̀, kò ronú kan kábọ̀n ní ọjọ́ tí òun àti Olúbùnmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ yà sí ṣọ́ọ̀bù Àtàndá, ayafọ́tò kan ní Òkè-Ogbó. Àtàndá mọ àrà dá. Nínú àwọn fọ́tò tó pàtẹ sínú àpótí onígíláàsì lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ọkùnrin kan dúró lórí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ìyàwó kan sì yọjú láàárín òdòdó. Mùnírátù ní kí ó fi òun sínú ìgò.

"Ìgò kẹ̀?" ni Olúbùnmi wí. "Ṣé kí wọ́n lè tà ẹ́ mọ́ ọtí ni?"

"Ó sàn ju òdòdó lọ. Kòkòrò wà níbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n padà lọ gba fọ́tò, orí rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú ìgò, ìdérí sì wà lẹ́nu ìgò náà. Àtàndá ti tẹ fọ́tò ńlá kan sí i, ó ti fi sínú àpótí onígíláàsì láìbéèrè. Ó bí Mùnírátù nínú díẹ̀, ó sì pa á lẹ́rìn-ín ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, àyè fọ́tò ńlá náà ti ṣófo.

"Obìnrin kan ló rà á," ni Àtàndá wí. "Ó ní ẹni òun ni yín."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Àǹtí, ṣé ẹni tó bá ń ta búrẹ́dì máa ń bèèrè orúkọ ni?"

Bó ṣe ń lọ sílé, ọwọ́ gbogbo obìnrin tó bá pàdé ló ń wò. Fọ́tò ẹni lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ burú tó. Èyí tó ti wà nínú ìgò, tí wọ́n ti dé pa, kí ló kù tí ẹni náà fẹ́ ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀. Èémí rẹ̀ ń kúrú. Ó da omi tí aládùúgbò bù fún un nù sẹ́yìn ilé. Nígbà tí Olúbùnmi fi ṣeré pè é ní ọmọ inú ìgò, ó sunkún.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ tó ń gbé ní Òkè-Ogbó. Ìyá gbọ́ ọ tán. Ó gbé etí ẹní rẹ̀ sókè, ó mú fọ́tò kan jáde. Wọ́n ti fi abẹ rẹ́ ẹ yípo irun, yípo etí, dé ọrùn. Orí nìkan ló kù.

"Ẹ̀yin lẹ rà á, Màámi?"

"Mo ń kọjá lọ, mo rí ọmọ mi tí wọ́n dé mọ́nú ìgò, tó tún ń rẹ́rìn-ín. Ta ni mo fẹ́ bi? Mo yọ ọ́ jáde, mo fi ìgò náà dáná."

"Èmi ni mo ní kó fi mí síbẹ̀."

Ìyá dá etí ẹní padà sílẹ̀. "Mùní, láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti lọ lọ́nà ọ̀fun mi."

"Tèmi náà, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà. Mùnírátù ti rántí kábọ̀n.

Nígbà tí ó padà lọ béèrè fíìmù tí wọ́n ti tẹ fọ́tò rẹ̀ jáde, Àtàndá kò bá a jiyàn. Ó gbé páálí bàtà kan sílẹ̀, ó ń gbé fíìmù inú rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irun gbogbo ènìyàn inú wọn funfun bí ti arúgbó, eyín wọn dúdú, bí fíìmù ṣe máa ń yí àwọ̀ padà. Ó rí ti Mùnírátù. Orí nìkan ni, kò sí ìgò níbẹ̀.

"Ìgò wà lọ́tọ̀," ni ó wí. "Ọ̀kan náà ni mo ń kó gbogbo ayé sí."

Mùnírátù fi ìwé wé fíìmù náà, ó tì í sínú báàgì, ó sì fi ọwọ́ lé e. Ó mí kanlẹ̀. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Àtàndá tó tún sọ̀rọ̀.

"Àǹtí, ẹ ò ní mú èkejì?"

"Èkejì wo?"

"Méjì méjì ni mo máa ń yà, nítorí àwọn tó máa ń ṣẹ́jú. Ó wà nínú ọ̀kan nínú àwọn páálí yẹn."

Mùnírátù yíjú padà. Páálí bàtà tò lórí ara wọn láti ilẹ̀ títí dé àjà. Ó wọlé, ó fa àga sún mọ́ ojú fèrèsé, ó na ọwọ́ sí àkọ́kọ́.